Mo Bá Olè Fi Àmì Sí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ọ̀kan nínú yín ni mí. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ka ohun tójú àwọn ẹlòmíràn rí níbí, tí mo sì máa ń pòṣé sí wọn. "Kí ló dé tí kò fura? Ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni?" Bí mo ṣe máa ń sọ nìyẹn. Ó wá kàn mí wàyí. Ẹ pòṣé sí èmi náà, mo ti jókòó dè yín.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe. Nílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan tí kò ju yàrá mẹ́ta lọ, èmi ni mo máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí mo máa ń tẹ ohun tí àwọn èèyàn bá fọwọ́ kọ, kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ ní yàrá ẹ̀yìn. Onímáṣíìnì là ń pe ọkùnrin yẹn. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín títí di ọ̀sán, ló ni ilé iṣẹ́ náà.

Alámì ni wọ́n ń pe èmi. Ìdí ni pé mi ò lè rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì lórí kí ara mi balẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "oko" síwájú mi, màá béèrè pé ṣé oko tí wọ́n ń ro ni, àbí ọkọ tó wà nílé, àbí ọkọ̀ tó ń gbé èrò, àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè. Bí ọmọ mi bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun ti dé ilé ìwé láyọ̀, màá kọ́kọ́ tún un kọ, kí n tó dúpẹ́ pé ó gúnlẹ̀.

Mo mọ iṣẹ́ yìí, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá àgbàlagbà kan wọlé tọ̀ wá wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé méjì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá Tíṣà kó nóòtù mẹ́fà ka orí tábìlì mi, àwọn nóòtù tí etí wọn ti ká.

"Gbogbo ayé mi ló wà níbẹ̀ yẹn," ó ní. "Ojú mi sì ti ń ṣú. Mo fẹ́ kó di ìwé kí n tó lọ. Bí mi ò bá lè kà á mọ́, màá lè gbé e dání."

Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ tó yẹ kó bọ́ sí ló bọ́ sí yìí."

Ọwọ́ tó yẹ kó bọ́ sí! Ẹ gbọ́ ẹnu mi.

Oṣù márùn-ún ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé igba ó lé méjìlá, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ló ní àmì, èyí tó yẹ kó wà lókè wà lókè, èyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ wà nísàlẹ̀. A tẹ ojú ìwé méjìdínlógójì àkọ́kọ́ jáde sórí bébà kí nọ́ọ̀sì lè kà á sétí bàbá rẹ̀. Wọ́n ní Bàbá sọ pé, "Ọmọ yìí mọwé ju èmi tí mo kọ ọ́ lọ." Orí mi wú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ní ọjọ́ kan, Ọ̀gá dúró lẹ́yìn àga mi.

"Alámì, ibo lo tọ́jú iṣẹ́ bàbá yẹn sí?"

"Inú íméèlì mi ni, mà. Ó sì tún wà lórí kọ̀ǹpútà."

"Da ọ̀kan sórí fláàṣì, kó o gbé fláàṣì náà fún mi."

"Màá ṣe é, mà."

Mi ò ṣe é. Kì í ṣe pé ó le. Fláàṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ìṣẹ́jú méjì ni ì bá gbà. Mo kàn rò ó pé àwọn tí kò mọ kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rù fláàṣì máa ń bà.

Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi kú. Ẹni tó wá tún un ṣe ní àfi kí òun nu gbogbo inú rẹ̀ kó tó lè jí. Mo ní kó nù ún. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo ní, "Gbogbo ohun tí mo ní wà nínú íméèlì mi, kò sí ohun tó lè ṣe é."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kun ọ́fíìsì wa lọ́dà, tí wọ́n sì kó gbogbo ẹrù síta. Onímáṣíìnì wá bá mi.

"Alámì, páálí abẹ́ tábìlì rẹ ńkọ́? Wọ́n mà ti kó o pọ̀ mọ́ bébà tí wọ́n fẹ́ dà nù o."

Nóòtù mẹ́fà Bàbá Tíṣà ló wà nínú páálí yẹn. Ó yẹ kí n ti dá wọn padà tipẹ́.

Mo juwọ́. "Ìwé tí mo ti tẹ̀ tán. Kí la tún fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo ṣe rọra kó gbogbo ayé bàbá kan sí ojú kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ irú ìlẹ̀kùn tó wà lẹ́nu ojú kan náà. Páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni mo ní láyé. Òun ni mo fi ń ṣí íméèlì, òun ni mo fi ń ṣí kọ̀ǹpútà, òun ni mo fi ń wọ ibi tí mo ti ń ra aṣọ ọmọ. "Alámì" ni, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí mi. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè mí! Mo ti fi ìgbà kan pariwo rẹ̀ láti orí àga mi fún Onímáṣíìnì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, nígbà tó fẹ́ lo kọ̀ǹpútà. Àwọn oníbàárà méjì ló jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù mi. Bó ṣe wà gan-an ni mo ṣe dà á kọ yìí:

"E ku ise o, ma. A ti n wo ise yin lati ojo pipe. Awa igbimo idije awon to mo Yoruba ko sile ju lo ti yan yin mo awon meta to ku. E te ibi yii ki e fi oruko sile."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Inú mi ń dùn, ara mi sì ń yún mi. Ìgbìmọ̀ èdè, wọn ò sì fi àmì kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀! Ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè á dúró níbẹ̀, á béèrè pé irú ìgbìmọ̀ wo rèé. Èmi ò béèrè. Mo fà á mọ́ra, mo fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fi àmì sí gbogbo rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ padà sí wọn. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sí i, nítorí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Olè kọ̀wé sí mi, mo bá a tún un kọ.

Kíá ni wọ́n fèsì. "A dupe pupo, ma. Eyi gan-an lo fi han pe eyin la n wa."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó dúpẹ́ àmì lọ́wọ́ mi rí, àfi Bàbá Tíṣà. Àwọn oníbàárà á ní, "Ṣé dandan ni gbogbo kóńkóńkó orí ọ̀rọ̀ yìí ni?" Ọ̀gá á ní mò ń fàkókò ṣòfò. Bí mo ṣe wá rí "ẹ̀yin la ń wá" yẹn, ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Wọ́n ní àwo ẹ̀yẹ wà níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n á gbé àwòrán mi jáde. Mo ti ń ronú aṣọ tí màá wọ̀.

Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Ó bi mí ní íméèlì, mo kọ ọ́. Ó bi mí ní páswọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé mo lè dá òmíràn. Mo wò ó pé ta ló fẹ́ máa há páswọ́ọ̀dù méjì sórí. Mo kọ ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní síbẹ̀.

Fóònù mi dún. Nọ́ńbà mẹ́fà ló wọlé. Àwọn tó ni íméèlì ló fi ránṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kí n má sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ tún wọlé: "E fi nomba mefa yen ranse si wa kia, ma, ki aye yin ma ba bo."

Onímáṣíìnì ń nu ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Kí lò ń dá rẹ́rìn-ín sí?" ó bi mí.

"Wọ́n ti rí mi."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó mọyì iṣẹ́. Kì í ṣe irú yín."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo fóònù náà. "Alámì, wọ́n ní kó o má sọ nọ́ńbà yẹn fún ẹnikẹ́ni o."

"Ẹnikẹ́ni ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ pé kí n má sọ ọ́ fún àwọn tó ni ìdíje."

"Ṣé àwọn tó ni ìdíje kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni?"

"Jọ̀ọ́, lọ da òróró sí máṣíìnì rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Mo fi nọ́ńbà mẹ́fà náà ránṣẹ́.

Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mo lè rí àmì tó sọnù lórí ọ̀rọ̀ kan láàárín ojú ìwé igba, mi ò rí olè tó dúró síwájú mi tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí íméèlì mi fi ti ara rẹ̀ mọ́ mi lójú. Mo kọ páswọ́ọ̀dù, ó ní kì í ṣe òun. Mo tún un kọ. Ó ní kì í ṣe òun. Mo rò ó pé íńtánẹ́ẹ̀tì ni kò dáa, mo gbá fóònù mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń gbá ìgò oyin tó ti dì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ pè mí.

"Ṣé ara rẹ yá báyìí?" ó ní.

"Ara mi yá, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló dé?"

"O kọ̀wé sí mi pé kí n tẹ ibì kan, kí n wá bá ọ dìbò nínú ìdíje. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, 'Ọmọ yìí ò lè kọ irú èyí láé, àfi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá.' Mi ò tẹ nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ pé agbára káká ló fi ń ka ìwé, fi àmì dá mi mọ̀. Èmi Alámì kò fi àìsí àmì dá olè mọ̀. Oníbàárà wa méje kò gbọ́n tó ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ nítorí wọ́n rí orúkọ mi níbẹ̀, àwọn náà bá kó sí páńpẹ́. Wọ́n ń pè mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bú mi, mo ń sọ pé ẹ má bínú, títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Mi ò tíì rántí Bàbá Tíṣà nígbà yẹn. Ojú ara mi ni mò ń rò. Ìgbà tí mo délé tí mo ń bọ́ bàtà ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo jókòó sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́.

Íméèlì yẹn ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń gba onílé wọlé padà. Ìbéèrè kan wà tí mo ti fi ìdáhùn rẹ̀ pa mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ṣí i: "Kí ni wọ́n ń pè ọ́ nígbà tó o wà lọ́mọdé?" Mo fò sókè. Ṣé ìyẹn náà le ni? Ìyá ìyá mi ló ń pè mí ní Ẹlẹ́jọ́ Wẹ́wẹ́, torí pé mi ò lè rí ohun tó wọ́ kí n má rojọ́ rẹ̀.

Mo kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ra, Ẹlẹ́jọ́wẹ́wẹ́. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní mo ti gbìyànjú jù, kí n padà wá lọ́la.

Padà wá lọ́la! Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi padà wá lọ́la. Lójoojúmọ́, ìgbìyànjú mẹ́ta péré. Mo yọ àmì ohùn, mo fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Mo yọ ti ìsàlẹ̀, mo fi ti òkè sílẹ̀. Mo fi dáàṣì sí àárín. Mo pè é lóhùn rara sí kọ̀ǹpútà létí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Inú ń bí mi sí ẹ̀rọ náà, inú ń bí mi sí ìyá ìyá mi tó ti kú pé kí ló dé tí kò fún mi ní orúkọ tó rọrùn.

Nọ́ọ̀sì sì ń pè.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Bàbá ní kí n béèrè ibi tí iṣẹ́ dé."

"Ó ti wà nídìí ẹ̀rọ," mo ní.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó rọ̀ mí lọ́rùn, ni mo bá pa ìkejì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mo ní yíǹkì ló tán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo ní wọ́n ti ń gé e létí. Ọ̀gá ò mọ nǹkan kan. Onímáṣíìnì nìkan ló mọ̀, kò sì fẹ́ bá mi lọ́wọ́ sí i.

"Lọ sọ fún bàbá náà," ó ní. "Irọ́ yìí ń sanra."

"Jẹ́ kí n wọlé ná. Bí mo bá ti wọlé, gbogbo rẹ̀ á tán."

"Tó ò bá wọlé ńkọ́?"

Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà.

Ní ọjọ́ kẹwàá ó sú mi, mo kàn kọ "elejo wewe" síbẹ̀ lásán, láìsí àmì kankan rárá. Ìlẹ̀kùn ṣí. Ọdún tí mo ṣí íméèlì yẹn, mi ò tíì di Alámì. Fóònù kékeré kan tí kò mọ àmì ni mo fi ṣí i. Mo ti gbàgbé pé ìgbà kan wà tí èmi náà ń kọ bí àwọn yòókù ṣe ń kọ.

Mo pariwo ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo inú rẹ̀. Òfìfo ni. Wọ́n ti kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ dànù, títí kan ibi ìdàlẹ̀nù rẹ̀, wọ́n gbá a mọ́ bí ilé tí ayálégbé ti kó jáde. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni íméèlì, wọ́n dá mi lóhùn pé ohun tó bá ti lọ báyẹn kì í padà.

Ojú ìwé igba ó lé méjìlá. Ohun tó kù ni méjìdínlógójì orí bébà tó wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ó yẹ kí n lọ bá wọn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lọ. Mo ń dúró de ohun tí mi ò mọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a? Tèmi ò tó oṣù kan.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo gbé ojú sókè, mo rí Bàbá Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ kóòtù, nọ́ọ̀sì di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ má bínú pé a ò sọ tẹ́lẹ̀," nọ́ọ̀sì ní. "Kò jẹ́ kí n sinmi ni. Ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kàn án."

"Mi ò fẹ́ dí yín lọ́wọ́," Bàbá ní. "Ẹ mú mi dé ìdí ẹ̀rọ yẹn, kí n kàn fọwọ́ bà á. Màá lọ."

Mo ní ẹ̀rọ gbóná. Mo ní ilẹ̀ ń yọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká bu omi fún Bàbá ná. Bàbá ti ń tẹ̀ lé ariwo ẹ̀rọ lọ. Àwọn ìwé kan tò jọ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lé wọn. Ó fi ìka rẹ̀ tọ etí wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kà á sí mi létí," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ibi tó bá wù ọ́."

Nọ́ọ̀sì mú ọ̀kan. Ó wò ó. Ó mú èkejì. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń yí padà.

"Bàbá, èyí kì í ṣe tiyín," ó ní. "Fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn ni."

"Tèmi dà?"

Onímáṣíìnì pa ẹ̀rọ. Ọ̀gá jáde láti yàrá rẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Alámì. Fláàṣì tí mo ní kó o gbé fún mi dà?"

Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ìdíje, nọ́ńbà mẹ́fà, íméèlì tó ṣófo, gbogbo irọ́ tí mo pa. Nọ́ọ̀sì já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ fún wọn pé ó ti ń bọ̀," ó ní. "Ẹ ní wọ́n ti ń gé e létí! Kí lẹ ń gé?"

Bàbá ò pariwo. Ó ní, "Kò burú. Ẹ kó àwọn nóòtù mi fún mi. A ó tún bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Gbogbo èyí tí mo ti sọ kò tó èyí. Mo dorí kodò, mo sì sọ fún un pé wọ́n ti kó wọn dànù pẹ̀lú bébà, pé mo mọ̀ nígbà tí wọ́n ń kó wọn lọ.

Bàbá wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀. "Mú mi lọ sílé," ó ní.

Ọ̀gá ò lé mi. Ì bá sàn kó lé mi. Ó kàn ń bi mí lójoojúmọ́ pé, "Ṣé o ti gbé ti òní sórí fláàṣì?" bí ẹni ń bi ọmọ kékeré pé ṣé ó ti fọ eyín.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ báyìí. Ẹ ń sọ pé, "Tèmi ò lè rí bẹ́ẹ̀, páswọ́ọ̀dù mi le." Mo ti gbọ́. Ọjọ́ ìbí ọmọ yín kọ́ ni? Kì í ṣe kan náà lẹ fi ń ṣí gbogbo ibi? Ẹ bínú sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ lọ yí i padà kẹ́ ẹ tó bínú. Ẹ jẹ́ kó gùn, kó má jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pè yín lójú pópó, kí ti íméèlì yàtọ̀ sí ti ibi tẹ́ ẹ ti ń ra aṣọ. Nọ́ńbà tó bá wọ fóònù yín, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyá yín pàápàá wà nínú ẹnikẹ́ni yẹn. Ohun tẹ́ ò bá sì fẹ́ kó sọnù, ẹ má tọ́jú rẹ̀ síbì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń yìn yín ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Bàbá Tíṣà tó ránṣẹ́ sí mi. Nọ́ọ̀sì ló pè, ohùn rẹ̀ ṣì le. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kẹ́ ẹ gbé kọ̀ǹpútà dání. Wọ́n ní àwọn ṣì lẹ́nu."

Àtìgbà náà ni mo ti ń lọ sílé wọn ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá á jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú, á di ojú, á máa sọ, èmi á máa tẹ̀. Ibi mẹ́ta ni mò ń tọ́jú rẹ̀ sí báyìí, ọ̀kan wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Kò dùn tó ti àkọ́kọ́. Bàbá mọ̀, èmi náà mọ̀. Àwọn orúkọ kan ti lọ. Àwọn àwàdà kan wà tó ní òun ò rántí bí wọ́n ṣe parí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, a dé orí kẹtàlá. Orí yẹn ni ìyàwó rẹ̀ kú. Bàbá bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó sọ nípa ilé ìwòsàn, nípa fèrèsé tí obìnrin náà ní kí wọ́n ṣí, nípa bó ṣe ní kí gbogbo ọmọ jáde kí òun lè bá ọkọ òun sọ̀rọ̀. Ó wá dákẹ́.

Mo dúró. Mo rò ó pé ó ń mí ni.

"Ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi," Bàbá ní. "Kò gùn. Ọjọ́ kẹta tó kú ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, kó má bàa sọnù. Nígbà tí mo sì ti kọ ọ́, mo fi ọkàn balẹ̀, mi ò há a sórí mọ́."

Ó yí ojú rẹ̀ tí kò ríran mọ́ sí ibi tí mo wà.

"Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Ìwọ lo kà á kẹ́yìn. Kí ni ìyàwó mi sọ?"

Mo wá a. Ẹ gbà mí gbọ́, mo wá a títí òógùn fi bò mí. Mo rí ojú ìwé náà, mo rí ibi tí gbólóhùn yẹn wà nísàlẹ̀. Mo rántí pé Bàbá ò fi àmì sí i nígbà tó kọ ọ́, pé ó jọ pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rántí pé ọ̀rọ̀ méje ni, pé mo fi àmì sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo sì gbóríyìn fún ara mi.

Mi ò rántí ohun tó sọ. Àmì nìkan ni mo wò.

"Bàbá, mi ò mọ̀," mo ní.

Ó mi orí rẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí n fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, kí n kọjá sí orí kẹrìnlá.